"Owó Ìjẹ̀bú": Ayédèrú Owó Onírin ní Ilẹ̀ Yorùbá Lábẹ́ Ìjọba Amúnisìn, Pẹ̀lú Àfiwé Róòmù àti Birmingham

Àṣàmọ̀

Láàárín ọdún 1920 sí 1940, ṣíṣe ayédèrú owó onírin gbilẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn sì ka ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sí orírun rẹ̀. Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń fi orúkọ Ìjẹ̀bú pe ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ wọn. Ó jiyàn pé ìpinnu tí ìjọba ṣe ní ọdún 1920, láti yí owó fàdákà padà sí owó idẹ, ni ó gbé owó lé irin tí ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ jù lọ, ní àkókò tí iye irin inú owó náà kò tó nǹkan mọ́. Àfiwé pẹ̀lú owó fàdákà Róòmù àtijọ́ àti pẹ̀lú ìlú Birmingham fi hàn pé ohun tí ó sọ orúkọ ìlú di orúkọ èké ni ọgbọ́n ọwọ́, òwò àti irú owó tí ìjọba ń tẹ̀, kì í ṣe ìwà tí a bí mọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀.

Ìfáárà

Ní ìlà-oòrùn Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ìlú kékeré kan wà tí ó ń jẹ́ Lithonia. Inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì fún òkúta ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí òkúta líle tí wọ́n ń gbẹ́ ní agbègbè náà ni ó sọ ọ́ di ìlú tí ayé mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni ó di orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì jẹ́ ohun àmúyangàn fún un. Àwọn ìdílé Yorùbá tí wọ́n ń tọ́ ọmọ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá láti ilé, ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ àti orúkọ ìlú ti pàdé nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbé iyì wá. Bí bàtà tuntun bá já ní ọjọ́ kejì tí a rà á, tàbí tí aago tí wọ́n pè ní wúrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láwọ̀, ẹnì kan lè rẹ́rìn-ín kí ó sì sọ pé, "Ìjẹ̀bú ni." Ọmọ tí ó ń kọ́ èdè yóò béèrè pé: kí ni àwọn ará ìlú kan ṣe tí orúkọ wọn fi di orúkọ fún àdàmọ̀dì? Bí ọmọ náà bá wá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ìbéèrè náà kì í ṣe ti èdè nìkan mọ́.

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò gùn. Wọ́n ní àwọn Ìjẹ̀bú fẹ́ràn owó, nígbà tí wọn kò sì rí i tó, wọ́n rọ tiwọn. Apá kan ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́. Ìwádìí Tóyìn Fálọlá tí ó jáde ní ọdún 1997 àti ti Ayọ̀dèjì Olúkòjú tí ó jáde ní ọdún 2000 fi hàn láti inú àkọsílẹ̀ ìjọba pé ayédèrú owó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, àti pé orúkọ Ìjẹ̀bú ni ó ń jáde léraléra. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a óò ti fi ìwà dáhùn ìbéèrè tí ó jẹ́ ti ìtàn. Ìfẹ́ owó kò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1920, àwọn alágbẹ̀dẹ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí ó yẹ kí a wá ìdí rẹ̀ ni pé, èé ṣe tí ó fi jẹ́ ìgbà yẹn, kí sì ni ó yí padà nínú owó fúnra rẹ̀?

Owó tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ

Kí owó onírin tó gbilẹ̀, owó ẹyọ ni ilẹ̀ Yorùbá ń ná. Ìkarahun ìgbín òkun ni, àwọn erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti wá. Wọ́n máa ń sín in sókùn ní ogójì ogójì. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Owó yìí wúwo, ó sì ń gba àkókò láti kà, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí owó onírin kò ní: kò sí ọba tí ó lè tẹ̀ ẹ́, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọ́. Kíkà ni ẹni tí ó ń gbà á máa ń ṣe. Kò ní ìdí láti lù ú mọ́ òkúta, tàbí láti gbé e sókè sí oòrùn kí ó tó gbà á gbọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé owó ẹyọ kò lè bàjẹ́. Láti ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi ju ti Maldives lọ, wá láti Zanzibar sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ba iye owó jẹ́, ohun tí ọ̀kẹ́ kan lè rà sì ń dín kù lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹyọ gidi ni gbogbo wọn. Òṣì tí ó wọlé jẹ́ ti ọ̀pọ̀ yanturu, kì í ṣe ti èrú. Ayédèrú owó, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, kò lè wà láìsí owó tí a fi àwòrán aláṣẹ lù, tí iye rẹ̀ sì dúró lórí pé a gba àwòrán náà gbọ́.

Fàdákà ọba Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, owó fàdákà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó di ọ̀nà mú láàárín ọ̀sà Èkó àti àwọn ìlú òkè. Ọjà Èjìnrìn àti ti Ẹ̀pẹ́ ni ẹrù òyìnbó àti epo ilẹ̀ Yorùbá ti máa ń pàdé. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí àwọn àjòjì máa gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù wọ́n, Gómìnà Gilbert Carter rán ọmọ ogun sí wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n. Ọ̀nà ṣí, owó onírin sì ṣàn gba ibẹ̀ wọlé. Ìjẹ̀bú tí ó ń dúró sí ẹnu ibodè tẹ́lẹ̀ di Ìjẹ̀bú tí ó ń ṣòwò káàkiri ìlú, láti Ìbàdàn dé òkè ọya.

Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ ní London, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àkóso owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ní ọdún 1913 ni owó fàdákà tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan jáde: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́. Igi ọ̀pẹ wà lára ṣílè, orí Ọba George Karùn-ún sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún ìpín irin inú rẹ̀, 925 jẹ́ fàdákà.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun kan níbí yìí, nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù. Ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá ní ọjà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1913 fàdákà tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí kọ́bọ̀ márùn-ún lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye tí a kọ sára owó àti iye irin inú rẹ̀ ni èrè ẹni tí ó tẹ owó. Kí wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ilé ìṣúra ìjọba ní London ni ó ń jẹ èrè yìí. Lẹ́yìn 1912 ó di ti àwọn ilẹ̀ amúnisìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé London náà ni wọ́n ń fi owó ìpamọ́ rẹ̀ dókòwò sí. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ṣílè ti jẹ́ àmì ju ọrọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àmì tí a fi fàdákà ṣe ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rọ irú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ rí fàdákà, tàbí kí ó wá irin funfun mìíràn tí yóò tan ojú àti etí jẹ.

Ọdún 1920: owó di idẹ

Ogun Àgbáyé Kìíní gbé iye fàdákà sókè. Ní oṣù kejì ọdún 1920, ìwọ̀n áúnsì fàdákà kan ní London dé kọ́bọ̀ 89 àti ààbọ̀. Bí ó bá ti kọjá kọ́bọ̀ 66, fàdákà inú ṣílè ti níye lórí ju ṣílè fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé góńgó, irin inú ṣílè kan tó kọ́bọ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí ó bá yọ́ owó ọba yóò jèrè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ní ilé ara wọn nípa dídín fàdákà inú owó wọn kù, láti 925 sí 500 nínú ẹgbẹ̀rún. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò dín in kù. Wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Láti ọdún 1920 ni ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ ti di idẹ: bàbà tí a lú mọ́ síńkì àti tánńganran díẹ̀.

Ìwọ̀n ṣílè náà kò yí padà púpọ̀, igi ọ̀pẹ ṣì wà lára rẹ̀, kọ́bọ̀ méjìlá sì ni ó ṣì jẹ́ ní ọjà. Ṣùgbọ́n irin tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó kọ́bọ̀ kan mọ́. Nínú ohun tí ó jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá, ó lé ní kọ́bọ̀ mọ́kànlá tí ó jẹ́ àṣẹ lásán. Ìgbìmọ̀ náà sì ń kó fàdákà àtijọ́ padà lọ sí London, títí tí idẹ fi gba ọjà.

Ìyípadà yìí ní apá kejì tí àwọn tí wọ́n jókòó ní London kò dà bí ẹni tí ó rò ó. Fàdákà kì í ṣe irin tí ó pọ̀ ní àgbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá. Idẹ ni irin ọ̀ṣọ́, irin ìjọsìn àti irin ọlá. Idẹ ni ti Ọ̀ṣun. Idẹ ni edan tí àwọn àgbà Òṣùgbó ní Ìjẹ̀bú fi ń ṣe àmì àṣẹ wọn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú ti fi ń da ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, agogo àti ère láti ara rẹ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ìda mọ àwòrán, bí a ṣe ń fi amọ̀ bò ó, bí a ṣe ń yọ́ ìda kúrò kí idẹ gbígbóná lè gba ipò rẹ̀. Irin náà sì wà níbi gbogbo, nínú àwo tí ó ti lu àti ẹ̀gbà ọwọ́ àtijọ́. Ní ọdún 1920, ìjọba amúnisìn mú owó kúrò nínú irin tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní, wọ́n sì gbé e lé irin tí àwọn baba ńlá wọn ti ń yọ́. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ pé kí ó wá rọ owó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí, ó sì mọ ọ̀nà inú ilé.

Ohun tí Róòmù ti rí rí

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni irú èyí ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ìtàn owó fàdákà Róòmù, tí wọ́n ń pè ní denarius, fi hàn bí iṣẹ́ ẹni tí ń rọ ayédèrú ṣe máa ń tẹ̀lé ìpinnu ẹni tí ń tẹ ojúlówó. Bíbélì Yorùbá pe owó yìí ní "owó idẹ", nínú ìtàn àwọn alágbàṣe ọgbà àjàrà àti nínú ìbéèrè nípa owó òde Késárì. Fàdákà ni owó náà nígbà tí Jésù wà láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, orúkọ tí àwọn atúmọ̀ èdè fún un kò jìnnà sí òtítọ́ mọ́.

Ní ìgbà tí fàdákà inú denarius dára, ojú ni ẹni tí ń rọ ayédèrú ní láti tàn. Ó máa ń fi awọ fàdákà tínrín bo bàbà, kí ó tó lù ú. Irú owó bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí ọdún 85 ṣáájú ìbí Jésù, ìjòyè kan, Marius Gratidianus, gbé àṣẹ jáde lórí yíyẹ owó wò. Inú àwọn ará ìlú dùn débi pé wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ní ọdún 81, òfin tí Sulla gbé kalẹ̀ sọ ṣíṣe ayédèrú owó fàdákà di ọ̀ràn ńlá. Iṣẹ́ ayẹ̀wó di iṣẹ́ pàtàkì. Onímọ̀ ọgbọ́n orí nì, Epictetus, ṣàlàyé pé ẹni tí ń yẹ owó wò máa ń lo ojú, ọwọ́, imú àti etí. Ìyá ọlọ́jà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ó ju ṣílè sórí pákó kí ó lè gbọ́ bí yóò ṣe dún ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Róòmù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín fàdákà kù. Augustus ń tẹ denarius 84 láti inú ìwọ̀n póùn kan. Ní ọdún 64, Nero sọ ọ́ di 96. Nígbà tí ó di ayé Septimius Severus, nǹkan bí ìdajì owó náà ni ó kù fún fàdákà. Ní ọdún 215, Caracalla gbé owó tuntun jáde. Ìgbàgbọ́ àwọn onímọ̀ ni pé iye denarius méjì ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ fàdákà inú rẹ̀ kò tó ti méjì. Láàárín ọdún 260 sí 270, owó ọba ti di bàbà tí a fi fàdákà ra lójú. Ohun tí ẹni tí ń rọ ayédèrú ti ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ni ilé ìtẹwó ọba ń ṣe ní gbangba. Láti àkókò yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ọ̀pọ̀ amọ̀ tí wọ́n tẹ owó gidi sí kí ó lè gba àwòrán rẹ̀, kí wọ́n tó da irin yíyọ́ sínú rẹ̀, ní Britain àti ní Gaul tí ó di ilẹ̀ Faransé lónìí.

A kò gbọdọ̀ na ẹ̀kọ́ yìí kọjá ibi tí ó dé. Ayédèrú ti wà ní Róòmù kí ọba tó dín fàdákà kù, nítorí náà ìjọba kọ́ ni ó dá olè sílẹ̀. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó sọ iṣẹ́ olè di ìrọ̀rùn. Bí ojúlówó bá ṣe ń sún mọ́ àmì lásán, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí ayédèrú ń béèrè ṣe ń dín kù, tí èrè rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ Ìjẹ̀bú?

Idẹ kò dé Ìjẹ̀bú nìkan. Gbogbo Nàìjíríà ni ó ń ná ṣílè kan náà, wọ́n sì mú àwọn tí ń rọ owó ní ibòmíràn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta pàdé ní Ìjẹ̀bú. Èkíní ni ọgbọ́n ọwọ́ tí a ti sọ ṣáájú. Àwọn Yorùbá ní, alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tí ó lè da edan kò ní ṣòro fún láti da ohun pẹrẹsẹ tí kò ju ojú ọwọ́ lọ.

Èkejì ni òwò. Rírọ owó kò tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ná an. Ayédèrú tí wọ́n bá ná ní ìlú kan ṣoṣo kì í pẹ́ tí ojú fi í mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ń lọ láti ọjà dé ọjà, wọ́n ń gbé obì, aṣọ àti ẹrù òyìnbó kiri, wọ́n ń gba owó wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fún ni ní ṣẹ́ńjì. Láàárín ọgọ́rùn-ún ṣílè gidi, ayédèrú márùn-ún lè rìn jìnnà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ná an ni ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ti ẹni tí ó mọ̀ ni àwọn àgbà sọ: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀dá owó. Láti ìparí ọdún 1929, ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, iye kòkó àti epo pupa sì já wálẹ̀. Owó orí kò já ní tirẹ̀, owó onírin tàbí ti bébà sì ni ìjọba ń gbà. Àgbẹ̀ tí ó tà ní ìdajì iye tí ó ń tà tẹ́lẹ̀ ṣì ní láti wá ṣílè tí yóò kó fún akọ̀wé owó orí. Irú ìlọ́po bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí Róòmù gba Britain ní ọdún 43, owó wẹ́wẹ́ kò tó fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn ọlọ́jà, àwọn ènìyàn sì tẹ àdàkọ láti fi dí àlàfo náà. Níbi tí ìjọba bá ti béèrè owó tí kò sí nílẹ̀, ẹnì kan yóò wá ọ̀nà àti ṣe é.

Ó yẹ kí a fi ìkẹrin kún un, èyí tí kò sí lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú fúnra wọn. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ orúkọ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágídí kí 1892 tó dé. Ibi tí ojú ìjọba bá ti ń wò jù ni wọ́n ti ń mú ènìyàn jù, iye àwọn tí wọ́n sì mú yóò wá di ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ojú máa wò. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, àkọsílẹ̀ ìjọba kò lè sọ iye ayédèrú tí Ìjẹ̀bú ṣe láìsọ iye àkíyèsí tí Ìjẹ̀bú gbà pẹ̀lú.

Ta ni ó ru ẹrù náà?

Olúkòjú béèrè nínú iṣẹ́ rẹ̀ bóyá a lè ka rírọ owó sí ìjà sí ìjọba amúnisìn. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí òfin tí ẹnikẹ́ni kò bá ọmọ ìlú jíròrò ni ó gbé owó náà kalẹ̀, èrè ìtẹwó sì ń lọ sí ibi tí ọmọ ìlú kò rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà àwọn tí ń rọ owó lè sọ pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ: London fi idẹ tí kò tó kọ́bọ̀ kan gba iṣẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá, alágbẹ̀dẹ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àfiwé yìí kù síbì kan. Ṣílè London ní ẹni tí ó dúró fún un. Ẹni tí ó bá gbé e lọ san owó orí, wọn yóò gbà á. Ayédèrú kò ní onígbọ̀wọ́. Ní ọjọ́ tí ó bá dé iwájú akọ̀wé tí ó mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó mú un dání ni yóò pàdánù, ẹni náà sì lè jẹ́ obìnrin tí ó fi gàrí ọjọ́ méjì gbà á. Bí kò bá ṣọ́ra, wọ́n lè mú òun fúnra rẹ̀, nítorí Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí Nàìjíríà ń lò láti ọdún 1916 ya orí kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó jẹ mọ́ owó onírin. Ìgbìmọ̀ ní London kò pàdánù ohun kan nínú ọ̀ràn obìnrin yìí. Bí èyí bá jẹ́ ìjà, aládùúgbò ni ọfà rẹ̀ ń bà. Fún ìdí èyí, kò yẹ kí ẹni tí ó ń kọ ìtàn sọ àwọn tí ń rọ owó di akọni, bí kò ti yẹ kí ó sọ gbogbo ìran kan di ọ̀daràn.

Birmingham, tàbí bí ìlú mìíràn ṣe jẹ́ "Ìjẹ̀bú"

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí irú orúkọ yìí lẹ̀ mọ́ kí ti Ìjẹ̀bú tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀rúndún 17, Birmingham kún fún àwọn alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń rọ ayédèrú owó fàdákà. Brummagem ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìlú wọn ní ẹnu ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní orúkọ ìlú, ó di ọ̀rọ̀ àpèjúwe fún ohunkóhun tí ó ń dán lóde ṣùgbọ́n tí kò níláárí nínú. Ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní.

Ọgbọ́n ọwọ́ tí ó mú ẹ̀sùn náà wá ni ó tún gbé Birmingham dé ipò ẹni tí ń tẹ owó ọba. Ní ọdún 1797, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ títẹ owó bàbà fún Matthew Boulton ní Soho lẹ́bàá Birmingham, nítorí ẹ̀rọ tí ń lo agbára omi gbígbóná tí ó ní lè tẹ owó tí yóò ṣòro fún àwọn ayédèrú láti bá dọ́gba. Ní ọdún 1850, Ralph Heaton ra àwọn ẹ̀rọ náà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì di ilé ìtẹwó aládàáni tí ó ní orúkọ jù lọ ní àgbáyé. Nígbà tí owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ ju ohun tí Ilé Ìtẹwó Ọba ní London lè ṣe lọ, àwọn ilé iṣẹ́ Birmingham ni wọ́n pín in fún. Lẹ́tà H tí ó wà lára owó kan jẹ́ ti Heaton, KN sì jẹ́ ti King's Norton. Lára àwọn ṣílè idẹ àkọ́kọ́ tí ọdún 1920 wà lára wọn, KN wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ṣílè ojúlówó tí ọlọ́jà Ìjẹ̀bú fi ń wọn ayédèrú wá láti ìlú tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ayédèrú. Ìlú méjèèjì jẹ́ ìlú idẹ, ìlú méjèèjì jẹ́ ìlú òwò, àbùkù tí wọ́n sì kàn mọ́ ọn bára mu. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé ẹnì kan fún Birmingham ní ìwé àṣẹ, ó sì sọ ọwọ́ tí ó ń ba owó jẹ́ di ọwọ́ tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó fún Ìjẹ̀bú ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1959 tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀yìn odi ni gbogbo àṣẹ lórí owó wà.

Àgbálọgbábọ̀

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà mọ ìṣòro yìí. Ní ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn parí, ayédèrú owó ni ó mú kí ìjọba dá Secret Service sílẹ̀, kí ó tó di pé wọ́n fi ṣíṣọ́ ààrẹ kún iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìpínlẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ fún dọ́là ayédèrú. Orúkọ kì í lẹ̀ mọ́ ènìyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìta, kí ó sì ní ìdí láti fẹ́ gbà gbọ́ pé ẹni tí ó ń bá a du ọjà kì í ṣe ẹni tí a lè fọkàn tán.

Ìtàn tí a tọpa rẹ̀ yìí kò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rọ ṣílè idẹ, àwọn aládùúgbò wọn sì pàdánù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn fún ọmọ tí ó béèrè ní Lithonia lè gùn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lè sọ fún un pé àwọn baba ńlá wa ní owó kan rí tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ. Ẹ sọ fún un pé àwọn mìíràn mú owó fàdákà wá, wọ́n sì yọ fàdákà inú rẹ̀, wọ́n fi irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú mọ̀ ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ kọ́bọ̀ méjìlá bo ohun tí kò tó kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí ọ̀dá owó dé, ọwọ́ kan na sí iná. Bí ọmọ náà bá tún bi yín léèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ayédèrú, ẹ fún un ní ṣílè ọdún 1920 kan, kí ó ka lẹ́tà méjì tí ó wà lára rẹ̀, kí ó sì lọ wá ìlú tí wọ́n ti wá.